Kókó ọyàn, ikú ọkọ àti ìmọ̀ràn "má ronú mọ́": àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Obìnrin tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí jẹ́ ẹni ọdún 46 nígbà tó kọ́kọ́ dé kílíníìkì jẹjẹrẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn ńlá kan nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà. Ọmọ mẹ́ta ló ní: àgbà wọn, obìnrin, wà ní yunifásítì, èyí tó tẹ̀ lé e ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àbíkẹ́yìn, ọmọkùnrin ọdún 14, ṣì wà ní girama. Oṣù méje kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ọkọ rẹ̀ kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e ṣubú lọ́sàn-án, ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, àwọn àbúrò ọkọ ti wá kó ìwé ilé lọ, wọ́n ní ilé ẹ̀gbọ́n àwọn ni, àwọn ni yóò máa bójú tó o. Obìnrin náà ti fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti yí àwọn ohun kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ni n ó máa pè é.

Níbi tó ti ń wẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan kókó náà, nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní opó tó tún ń pariwo àìsàn, wọn á ní ó fẹ́ bá ọkọ lọ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rí i pé kò fẹ́ gbé apá òsì sókè mọ́, ó fà á lọ sí ọsibítù ìjọba tó wà ládùúgbò, ibẹ̀ ni wọ́n ti darí rẹ̀ sí wa. Dókítà wọn kókó náà, ó tó sẹ̀ǹtímítà 4. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí lábù. Jẹjẹrẹ ni, irú èyí tí họ́mónù obìnrin ń bọ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yára. Ó ti dé abẹ́ abíyá, ṣùgbọ́n kò tíì dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun. Ètò ìtọ́jú tí wọ́n là sílẹ̀ ni kímò, oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tí a ń fi dírípù fà sí ara, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹjọ, lẹ́yìn náà iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sí ibi tí àìsàn wà, àti oògùn oníhóró tí yóò máa lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìrètí wà dáadáa, bí ó bá lè parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde nígbà tí mo jókòó tì í ni pé: "Áńtì nọ́ọ̀sì, ìrònú ló di kókó sí mi láyà."

Kò sí ẹni tó ja ọ̀rọ̀ yìí níyàn nínú gbogbo àwọn tó yí i ká. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìjọ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó ti ń ronú jù. Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa nìkan: Galen, oníṣègùn Gíríìkì tó gbé ayé ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin tí ìbànújẹ́ wà lára wọn ni jẹjẹrẹ máa ń mú jù. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́yà ló ń ṣe. Nígbà tí àìsàn tí a kò mọ orísun rẹ̀ bá dé lẹ́yìn ọ̀fọ̀, ọkàn ènìyàn á so méjèèjì pọ̀, ẹni tó bá sì ti rí ìyà tó jẹ opó yìí kò ní lè bá a wí pé ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìgbàgbọ́ náà bí ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Bí ìrònú bá ló fa àìsàn, a jẹ́ pé àìronú ni oògùn. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i ládùúgbò ti sọ fún un pé, "Ẹ má ronú mọ́ o, mà." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ di òfin ilé. Wọ́n ní kó má lọ sọ́jà mọ́. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ ilé náà dà á láàmú. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ sunkún bàbá wọn lójú rẹ̀. Wọ́n yọ fọ́tò ọkọ kúrò lára ògiri. Bí ojú rẹ̀ bá ti rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, ẹ̀gbọ́n á ní, "O tún ti bẹ̀rẹ̀ àbí? Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?" Ìfẹ́ ló ń mú un sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ẹ̀gbọ́n yìí, òun ló ta wúrà rẹ̀ fi san owó kímò àkọ́kọ́.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ gba kímò àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ó bì, irun rẹ̀ re, ẹnu rẹ̀ korò, gbogbo èyí ni a ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìkẹta pé, a kò rí i. A pe nọ́ńbà rẹ̀, kò lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá.

Ní ibi iṣẹ́ wa, bí aláìsàn kò bá wá, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu gbogbo wa ni "owó ti tán". Lóòótọ́, owó ni nígbà púpọ̀, nítorí láti inú àpò ara wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń sanwó. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n wà nínú fáìlì. Nígbà tó gbé e, ohun tó sọ ni mo kà sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ yí padà. Ó ní àbúrò òun wà ní ilé àdúrà níbi tí ọkàn rẹ̀ ti lè balẹ̀. Ó ní, "Dókítà ní kó má ronú. Bó bá sì ti dé ọsibítù yín, tó rí àwọn tó ń kú, tó gbọ́ iye owó, kì í sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọsibítù yẹn gan-an ló ń mú un ronú."

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bá ara mu tó. Bí ìrònú bá ló ń bọ́ jẹjẹrẹ, tí kímò sì ń mú ìrònú wá, kí ni ọlọ́gbọ́n ènìyàn yóò ṣe ju pé kó sá fún kímò? Obìnrin náà kò ya aláìgbọràn. Ó ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un dé òpin ni.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kó jẹ́ kí n bá wòlíì ilé àdúrà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbà pé ọ̀tá wa ni irú wọn. Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn ni, ojú sùnnùkùn ló yẹ ká fi wò ó. Wòlíì náà kò mọ̀ pé obìnrin yìí ní ìtọ́jú tí kò tíì parí. Wọ́n sọ fún un pé ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, pé ìsinmi ló kù. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá ní ọjọ́ kejì, ó sì jókòó sí kọ́ridọ̀ títí a fi ṣe tán.

A kò fi kímò sí i lọ́jọ́ náà. Yàrá kékeré tí a ń kó fáìlì sí ni a jókòó sí, èmi àti òun nìkan. A ní káàdì kan tí wọ́n ya àtẹ̀gùn sí lára, tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀ láti 0 dé 10. Irú rẹ̀ ni àwọn ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà àti ibòmíràn ń lò láti bi aláìsàn pé báwo ni ọkàn rẹ̀ ṣe dàrú tó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bó bá dé 4, ó yẹ kí a béèrè sí i. Ó fi ìka sí 9. Mo ní kó sọ ohun tó gbé e dé ibẹ̀ fún mi. Mo rò pé ikú ni yóò dárúkọ. Kò dárúkọ rẹ̀. Ó ní ilé. Ó ní owó ilé ìwé àgbà ọmọ. Ó ní oorun. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú ohùn kékeré tó jẹ́ pé mo ní láti tẹ orí wálẹ̀ kí n tó gbọ́: "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà á. Wọ́n ní kí n má ronú, mi ò lè ṣe é."

Oníṣòwò ni, ó mọ ìṣirò ju èmi lọ, nítorí náà ìṣirò ni mo mú wá. Mo ní kó gbà pé hóró àgbàdo kan ṣoṣo wà nílẹ̀, pé ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ojú, ó ti di ìlọ́po méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á: méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, 16, 32, 64. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣe ń pọ̀. Láti orí sẹ́ẹ̀lì kan títí tí kókó yóò fi tó sẹ̀ǹtímítà 1, ó tó ìgbà 30 tí wọ́n ní láti di ìlọ́po, iye wọn á ti tó bílíọ̀nù kan. Nínú irú jẹjẹrẹ ọyàn tirẹ̀, ìlọ́po ẹ̀ẹ̀kan lè gba oṣù púpọ̀. Kókó rẹ̀ sì ti ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bà á. Mo béèrè pé oṣù mélòó ni láàárín ikú bàbá àwọn ọmọ àti ọjọ́ tó kan kókó náà. Ó ní méjì. Ó dákẹ́, mo rí i pé ó ń ṣírò. Ó wá wò mí lójú: "A jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ mi ṣì ń jẹun lọ́wọ́ mi."

Ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìdáhùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Wọ́n ti wá ìdí ọ̀rọ̀ másùnmáwo àti jẹjẹrẹ dáadáa. Ní Britain, wọ́n tẹ̀ lé nǹkan bí 106,000 obìnrin, wọ́n bi wọ́n léèrè nípa másùnmáwo, nípa ikú èèyàn wọn, nípa ìkọ̀sílẹ̀, wọ́n sì ń wo ẹni tí jẹjẹrẹ ọyàn yóò mú. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé àwọn tí wàhálà bá kò ní jẹjẹrẹ ọyàn ju àwọn yòókù lọ. Ní Denmark, wọ́n tẹ̀ lé àwọn òbí 11,380 tí jẹjẹrẹ mú ọmọ wọn. Ta ló tún kù tí ìrònú rẹ̀ yóò ju tiwọn lọ? Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997, jẹjẹrẹ kò mú àwọn òbí wọ̀nyí ju bó ṣe ń mú àwọn ará ìlú yòókù.

Mo dúró de omijé ìtura. Ìbínú ló dé. Ó bínú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún gbogbo òru tí wọ́n fi ń bá a wí. Lẹ́yìn ìbínú, ẹ̀rù dé: "Tí kì í bá ṣe ìrònú, kí wá ni? Kí ni mo lè fi ọwọ́ mi dá dúró?" Mo ti rí èyí lára àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ó sì yẹ kí a múra sílẹ̀ fún un. Ẹni tó gbà pé òun ló fa àìsàn ara òun ní ẹ̀bi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó tún ní ìdánilójú pé ọwọ́ òun ni ìwòsàn wà. Bí a bá gba ẹ̀bi náà lọ́rùn rẹ̀, a ti gba ìdánilójú náà pẹ̀lú. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Mo sọ àwọn ohun tó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ní tòótọ́: kó wá gba kímò ní ọjọ́ rẹ̀, bí ara rẹ̀ bá gbóná láàárín kímò kan sí èkejì, kó má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, kó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó jẹun bí ẹnu bá ti lè gbà á, kó sọ fún wa bí owó bá fẹ́ tán kó tó tán.

Ohun kan tún jáde nínú ìjókòó yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó kú kó tó pé 40 ọdún, àìsàn ọyàn ló pa á. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sí fáìlì, nítorí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìdílé bàbá. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn láàárín 1998 sí 2014, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2018, 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ló ní àbùkù nínú àbùdá tí wọ́n jogún, àbùdá méjì tí wọ́n ń pè ní BRCA1 àti BRCA2 ni àbùkù náà ti pọ̀ jù. Láti ìdílé bàbá tàbí ti ìyá ló ti lè wá. A kò rí owó àyẹ̀wò àbùdá fún Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, nítorí náà mi ò lè sọ pé òun nìyí. Ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì bá àgbà ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ nípa mímọ bí ọyàn rẹ̀ ṣe rí àti ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Èyí bí àníyàn tuntun fún ìyá. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ oorun ni ibi tí ọ̀rọ̀ tún ti yí padà, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe kéré tó. Ẹ̀gbọ́n ti sọ pé kì í sùn fún ọjọ́ mẹ́ta bó bá ti ọsibítù dé. Obìnrin náà ń ka gbogbo òru tí kò sùn sí òru tí jẹjẹrẹ fi ń jẹ ẹ́ sí i. Mo béèrè pé alẹ́ wo ló burú jù. Ó ní alẹ́ ọjọ́ kímò àti méjì tó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ kẹrin, oorun á padà. Ìrònú kì í tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà báyẹn. A ní kó kó oògùn rẹ̀ wá. Dexamethasone wà nínú rẹ̀, hóró kékeré funfun tí a ń fún wọn kí èébì má baà pọ̀ jù. Oògùn yìí máa ń lé oorun lọ. Wọ́n kọ "ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́" sára páálí, ó ń lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Dókítà ní kó máa lo ìkejì ní ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ. Lẹ́yìn kímò ìkẹta, ó sùn. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ tó ti gbà padà: "Áńtì nọ́ọ̀sì, mo sùn o! Mo sùn títí àkùkọ fi kọ!"

Ẹ jọ̀wọ́, kí a tó pe nǹkan ní ìrònú, ká kọ́kọ́ wo inú páálí oògùn.

Ọ̀rọ̀ ilé kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé àti owó ní ọsibítù wa ló dábàá pé ká wá mọ́gàjí ẹbí ọkọ. Àwọn kan nínú wa ní kò kan ilé ìwòsàn. Èrò mi ni pé ohun tó gbé aláìsàn dé 9 kan ilé ìwòsàn. Bàbá àgbà náà wá sí kílíníìkì pẹ̀lú àwọn àbúrò olóògbé méjì. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé àwọn ló fa jẹjẹrẹ; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe òótọ́, ẹni tí a bá sì fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn kì í gbọ́ ohun mìíràn mọ́. A sọ ohun tí ìtọ́jú ń béèrè: ilé tí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ sí fún ọdún kan, àti owó tí ayálégbé yàrá iwájú ilé ń san, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi ń rán ọmọ níwèé. Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ ló rán wọn létí pé ní àṣà wa, ìyàwó kò jogún ọkọ, ṣùgbọ́n ọmọ ló ń jogún bàbá, pé olóògbé bí ọmọ mẹ́ta, àbúrò kì í gba ilé mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ìwé ilé kúrò lọ́wọ́ àwọn àbúrò, ó wà lọ́wọ́ mọ́gàjí. Owó yàrá iwájú ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí títí mo fi ń kọ èyí. Nígbà tí mo tún gbé káàdì náà fún un, ó fi ìka sí 5.

Ọjà náà ṣe pàtàkì ju bí mo ṣe rò lọ. Lílé tí wọ́n lé e kúrò lọ́jà nítorí ìsinmi ti gba owó, ọ̀rẹ́ àti ìgbéraga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fẹ́ padà. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà ìlú wọn, kímò sì ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ọjọ́ tó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ jù ni ìkejì dé ìkẹrin lẹ́yìn kímò. Òun ló mú ìwé wá, tó ṣírò gbogbo rẹ̀, tó sì rí i pé ọjà kan ṣoṣo ni òun ní láti pàdánù lẹ́yìn kímò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni yóò máa jókòó sí ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àjọ fún un ṣáájú kó tó kàn án. Owó yẹn ló san kímò karùn-ún àti ìkẹfà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ra propranolol wá fún un ní kẹ́mísí. Ó ti kà pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí máa ń dí másùnmáwo lọ́wọ́ kó má baà tan jẹjẹrẹ ká. Ọmọ náà kò purọ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, àwọn eku tí wọ́n há mọ́ ibi tóóró lójoojúmọ́ ni jẹjẹrẹ ọyàn wọn tàn ká ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì, propranolol sì dí i lọ́wọ́. Adrenaline àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ara máa ń tú jáde nígbà tí jìnnìjìnnì bá bo ènìyàn, lè kan sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lára. Àwọn onímọ̀ ń tọ ipa yìí lọ lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n eku kọ́ ni Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, propranolol sì lè ṣe ẹni tó ní asíìmà tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀díẹ̀ ní jàǹbá. Dókítà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ó sì ṣàlàyé ìdí fún ọmọ náà. Mo fẹ́ràn bó ṣe ṣe é. Ẹni tó ń ka nǹkan nítorí àǹtí rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń lé.

Lọ́jọ́ kímò ìkarùn-ún, àbíkẹ́yìn ló tẹ̀ lé e wá, torí ilé ìwé ti gba ìsinmi. Tíṣà rẹ̀ ti ránṣẹ́ sílé pé kì í sọ̀rọ̀ mọ́ ní kíláàsì. Ìyá rẹ̀ wà lórí dírípù, òun wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń kọ̀wé, ó ń fi èékánná bó ọ̀dà ara àga náà. Mo béèrè ohun tí wọ́n sọ fún un nípa àìsàn màmá rẹ̀. Ó ní ìrònú ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nígbà tí dádì kú, mo sá nílé ìwé, wọ́n wá fẹjọ́ mi sun màmá. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n ronú." Ọmọ ọdún 14, tí wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ sunkún bàbá rẹ̀, ti ń gbé e kiri fún oṣù mélòó kan pé òun ló fi jẹjẹrẹ sí ìyá òun lára.

Mo sọ òtítọ́ fún un gbangba. Mo ní ìwà rẹ̀ kò fà á, ikú bàbá rẹ̀ kò fà á, kókó náà ti wà níbẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó kú. Nígbà tí dírípù tán, mo ní kó sọ ohun tó sọ fún mi fún ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, nọ́ọ̀sì kan sì sáré wá pé kí wọ́n dákẹ́, kí màmá má baà ronú. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fọ́tò ọkọ padà sára ògiri.

Ó parí kímò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kókó náà súnkì títí kò fi tó sẹ̀ǹtímítà 1. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ó dúró fún ìtànṣán pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí èrò pọ̀, ó sì ti ń lo tamoxifen báyìí, oògùn oníhóró tó ń dí họ́mónù obìnrin lọ́wọ́ kó má baà bọ́ jẹjẹrẹ. Nínú àyẹ̀wò tó ṣe kẹ́yìn, a kò rí i pé àìsàn náà padà. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kà á pé ìfọ̀kànbalẹ̀ ló wò ó sàn. Kímò àti ọ̀bẹ ló gbógun ti kókó náà. Oorun, ilé, ọjà àti ẹkún ló jẹ́ kó lè dé ibi tí kímò wà.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwa tí à ń tọ́jú wọn, torí a ti ṣi ènìyàn lọ́nà rí lágbàáyé. Ní 1989, ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà sọ pé àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn wọn ti tàn ká, tí wọ́n ń pàdé láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, pẹ́ láyé ju àwọn tí kò pàdé lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé e kiri. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní Kánádà pẹ̀lú àwọn obìnrin 235, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, àwọn tó ń pàdé kò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ìrora wọn dínkù, ọkàn wọn sì fúyẹ́, pàápàá àwọn tí ìdààmú wọn pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwa náà ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní kílíníìkì, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ sì ń wá. A kì í ṣèlérí ẹ̀mí gígùn fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí a bá ṣèlérí rẹ̀, obìnrin tí àìsàn rẹ̀ bá padà yóò rò pé òun kò sọ̀rọ̀ tó, tàbí pé òun kò rẹ́rìn-ín tó.

Nítorí rẹ̀, a ti yí ohun tí à ń ṣe kí aláìsàn tó gba kímò àkọ́kọ́ padà. A ń béèrè pé, "Kí ni ẹ rò pé ó fa àìsàn yìí?", a sì ń dúró gbọ́ ìdáhùn náà dé òpin. Bó bá jẹ́ ìrònú, a kì í rẹ́rìn-ín, a kì í sì jiyàn. A ń béèrè ohun tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tàbí tí wọ́n ti dáwọ́ dúró nítorí ìdáhùn náà, torí ibẹ̀ ni kímò ìkẹta ti máa ń sọnù. A ń kọ wákàtí tí wọ́n ń lo dexamethasone sílẹ̀. A ti ní kí dókítà àti nọ́ọ̀sì tuntun má máa sọ "ẹ má ronú mọ́" fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n béèrè pé, "Kí lẹ̀ ń rò?" A sì fi ìlà kan kún ìwé ìforúkọsílẹ̀, lábẹ́ orúkọ ẹni tó ń sanwó: àwọn ọmọ mélòó ló wà nílé, kí ni wọ́n sọ fún wọn, èwo nínú wọn ni kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìlà yẹn ni àwọn tó ń kọ fáìlì máa ń fò jù. Èmi ni mo máa ń dá ìwé náà padà fún wọn.